Owó 60 Mílíọ̀nù Dọ́là Tí Kò Lórúkọ: Bí Wọ́n Ṣe Ra Òfin Iná ní Ohio

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà dìbò 51 sí 38, wọ́n sì fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní House Bill 6. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí Gómìnà Mike DeWine fi buwọ́ lù ú. Ohun tí òfin náà wí ni pé gbogbo ẹni tó ń san owó iná ní Ohio yóò máa fi nǹkan lé owó rẹ̀ lóṣooṣù, kí iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà méjì má baà kógbá sílé. Sẹ́ǹtì 85 péré lóṣù ló kan ìdílé kan lórí èyí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kó gbogbo owó ìrànwọ́ inú òfin náà pọ̀, ó tó 1.3 bílíọ̀nù dọ́là.

Láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìbò yẹn, ará Ohio kò lè tan tẹlifíṣọ̀n kó má rí ìpolówó tó ń yin òfin náà. Ìwé ìpolongo ń wọ ilé wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn dùn létí. Bí wọ́n bá bi ara wọn pé ta ló ń sanwó fún gbogbo rẹ̀, kò sí ìwé kankan níbikíbi tí wọ́n lè yẹ̀ wò láti rí ìdáhùn. Ìdáhùn ọ̀hún fara hàn lẹ́yìn ọdún kan, láti inú ìwé ẹ̀sùn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI.

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn olóṣèlú olójúkòkòrò kan tí ọwọ́ òfin tẹ̀. Òótọ́ ni, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ibi tó ń ká mi lára jù ni ọ̀nà tí owó náà gbà rìn, nítorí ọ̀nà náà kò sí lára ohun tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n.

FirstEnergy ni orúkọ iléeṣẹ́ tó san owó náà, ìlú Akron ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ń pín iná fún àìmọye ìdílé ní Ohio àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Iléeṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, FirstEnergy Solutions, ló ni Perry àti Davis-Besse, amúnáwá núkílíà méjì tó wà létí adágún Erie. Nígbà tí gáàsì tí wọ́n ń wà lábẹ́ àpáta di ọ̀pọ̀ yanturu ní agbègbè yẹn, iye tí wọ́n ń ta iná já wálẹ̀, àwọn amúnáwá ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò sì rọ́wọ́ mú lọ́jà mọ́. Lópin oṣù kẹta ọdún 2018, FirstEnergy Solutions kéde pé òun máa ti àwọn amúnáwá náà pa. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ó gba kóòtù lọ, ó ní gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí èyí dá sílẹ̀ kì í ṣe àfiṣe. Àwọn ìlú tó wà nítòsí Perry àti Davis-Besse ń fi owó orí tí amúnáwá náà ń san bọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ló sì ń jẹun níbẹ̀. Àwọn tó ń jà fún àyíká pàápàá mọ̀ pé núkílíà kì í tú èéfín sínú afẹ́fẹ́ bíi ti èédú. Ká ní iléeṣẹ́ náà jáde sí gbangba, kó ní, "Èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀, ìdí nìyí, iye tí mo ná láti fi bẹ̀bẹ̀ nìyí," ará ìlú ì bá gbọ́ ọ, wọn ì bá gbà tàbí kí wọ́n kọ̀. Lọ́bì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iléeṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti lọ bá aṣòfin sọ ohun tó ń dùn ún. Gbangba yẹn gan-an ni wọ́n sá fún.

Larry Householder, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ti jẹ abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Ohio rí láàárín ọdún 2001 sí 2004. Ó kúrò, ó sì padà wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣojú lásán ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ipò abẹnugan ló ń wò. Ní oṣù kan náà yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú FirstEnergy gbé e lọ sí Washington fún ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Trump. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ti fi orúkọ ẹgbẹ́ aláìlérè kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware, wọ́n pè é ní Generation Now. Jeff Longstreth, tó ń bá Householder ṣètò òṣèlú rẹ̀, ló ń darí rẹ̀. Láti oṣù kẹta, FirstEnergy bẹ̀rẹ̀ sí í san 250,000 dọ́là sínú àpò ẹgbẹ́ náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lópin ọdún, ó ti pé mílíọ̀nù kan.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá fi owó ránṣẹ́ sí àpò ìpolongo olùdíje, orúkọ rẹ̀ àti iye owó náà yóò hàn nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Òfin tún fi gèjíà sí iye tó lè fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹgbẹ́ aláìlérè kan wà tí òfin owó orí ń pè ní 501(c)(4). Ire ará ìlú ni òfin ní kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa lépa. Ó lè lọ́bì bó ṣe wù ú. Ó tún lè dá sí ìdìbò, bí ìyẹn kò bá ti jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí gèjíà lórí iye tó lè gbà, kò sì pọn dandan kó sọ fún aráyé ẹni tó fún un. Láti ọdún 2020, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò bèèrè orúkọ àwọn olùfúnni-lówó lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ìwé ọdọọdún rẹ̀. Bí eégún ni Generation Now ṣe jáde: ará ìlú rí aṣọ tó ń jó, òfin sì dáàbò bo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló ṣí ìlẹ̀kùn yìí gbayawu ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Citizens United. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló gbọ́ ọ, márùn-ún nínú wọn sì pàṣẹ pé ìjọba kò gbọdọ̀ dí iléeṣẹ́ lọ́wọ́ láti ná owó ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò. Adájọ́ Anthony Kennedy, tó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, pé bí wọ́n bá ń kéde ìnáwó náà kíákíá, àwọn onípìn-ín àti ará ìlú á rí ohun tí wọ́n máa fi bi iléeṣẹ́ àti olóṣèlú léèrè. Ìyẹn ni wọ́n fi tù wá nínú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe òfin tó fipá mú wọn kéde. Wọ́n gbé idà fún iléeṣẹ́, wọn kò gbé asà fún ará ìlú, àkọsílẹ̀ Ohio yìí sì ni ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 2018, owó inú Generation Now bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó o jọ. Householder kó àwọn olùdíje jọ káàkiri Ohio, àwọn tó máa dìbò fún un bí wọ́n bá wọlé. Ìpolówó tí wọ́n fi ń gbé wọn lárugẹ àti èyí tí wọ́n fi ń ba àwọn alátakò wọn jẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti inú àpò yìí wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, sọ̀wédowó 400,000 dọ́là kan tún wọlé. Olùdìbò tó rí ìpolówó náà rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, owó orí tàbí ìbọn ni wọ́n ń bá òun sọ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ iná mànàmáná fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2019, Householder di abẹnugan pẹ̀lú ìbò 52 sí 46. Ààbọ̀ àwọn tó dìbò fún un jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, House Bill 6 wọlé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mímọ́ ni. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ á rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Owó ìrànwọ́ wà níbẹ̀ fún amúnáwá eléèédú méjì tó ti darúgbó, tí ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ sí ní Ohio, ìpínlẹ̀ Indiana ló wà. Òfin náà gé iye iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rà kù, ó sì pa ètò tó ń ran ará ìlú lọ́wọ́ láti dín iná tí wọ́n ń lò kù rẹ́. Apá kan rẹ̀ tún fi dá FirstEnergy lójú pé iye tó pa lọ́dún 2018, tó jẹ́ ọdún tí ọjà rẹ̀ yá dáadáa, kò ní já wálẹ̀ bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ yí padà. Òfin tí wọ́n ní ó wà fún afẹ́fẹ́ mímọ́ ń bọ́ èédú. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè kà á kó má bi ara rẹ̀ pé ta ló kọ ọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn tí gómìnà buwọ́ lù ú, àwọn tó tako òfin náà rántí ẹ̀tọ́ kan tí ìwé òfin Ohio fún ará ìlú: bí àwọn tó buwọ́ lùwé bá pọ̀ tó láàárín 90 ọjọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ á dìbò bóyá kí òfin náà dúró tàbí kó lọ. Ìbuwọ́lùwé 265,774 ni wọ́n nílò. Olórí agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ náà kò gba ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, ó di òpin oṣù kẹjọ kó tó gbà á. Ọjọ́ tó kù fún wọn kò pé 60.

Ìgbà yìí gan-an ni owó tú jáde. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ọdún 2019, bíi 38 mílíọ̀nù dọ́là wọ Generation Now láti ọ̀dọ̀ FirstEnergy. Ká rò ó wò: owó tí wọ́n ná kí ará ìlú má baà rí àyè dìbò ju èyí tí wọ́n ná kí òfin náà lè kọjá nílé aṣòfin lọ. Ìpolówó kan gba orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ pé ìjọba Ṣáínà ló fẹ́ gba ẹ̀rọ iná Ohio mọ́ wọn lọ́wọ́, pé ẹni tó bá buwọ́ lùwé ń gbé orúkọ ara rẹ̀ lé Ṣáínà lọ́wọ́. Kò sí òótọ́ kankan nínú ìyẹn. Wọ́n gba àwọn èèyàn tí wọ́n máa ń dúró ti agbàbuwọ́lùwé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé àti ibi ìtajà, kí wọ́n máa dí i lọ́wọ́. Wọ́n tún ń fún àwọn agbàbuwọ́lùwé lówó kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé.

Matt Borges, tó ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ Republican ní Ohio rí, lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìpolongo ìbuwọ́lùwé náà. Ó fẹ́ kó máa sọ iye ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ti rí fún òun, ó sì fún un ní 15,000 dọ́là. Gbèsè wà lọ́rùn ọ̀dọ́kùnrin yìí, Borges sì mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà gba FBI lọ, ó sì gbà kí wọ́n máa gba ohùn sílẹ̀ nígbàkígbà tí òun àti Borges bá jọ ń sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìtàn yìí, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Àwọn alátakò kó bíi 221,000 ìbuwọ́lùwé jọ kí ọjọ́ tó pé ní oṣù kẹwàá. Kò tó. House Bill 6 dúró.

Àwa tí à ń wò láti ìta lè sọ pé àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ iná wà, òun ni kó gba ará ìlú sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2019, gómìnà yan agbẹjọ́rò kan, Sam Randazzo, ṣe alága àjọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, kí wọ́n tó yàn án, FirstEnergy ti san 4.3 mílíọ̀nù dọ́là fún iléeṣẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn san án kí ó lè fi ipò rẹ̀ ṣe ojúrere fún àwọn. Nígbà tó wà lórí àléfà, àjọ náà fagi lé àyẹ̀wò owó iná tó yẹ kí FirstEnergy wá jẹ́ ní ọdún 2024. FBI yẹ ilé rẹ̀ wò ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní ọdún 2023, ó ní òun kò jẹ̀bi. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé iwájú adájọ́.

Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2020 ni FBI kó Householder, Longstreth, Borges, àti alọ́bì méjì, Neil Clark àti Juan Cespedes. Agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, David DeVillers, sọ pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì hù sí àwọn ará Ohio. Ìwé báńkì tí ìjọba fi àṣẹ kóòtù gbà ló jẹ́ kí wọ́n rí bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là tó gba inú Generation Now kọjá. Ìwé náà tún fi hàn pé bíi ìlàjì mílíọ̀nù dọ́là wọ ọ̀rọ̀ ara Householder fúnra rẹ̀: gbèsè, owó agbẹjọ́rò, àtúnṣe ilé tó ní ní Florida.

Apá ti kóòtù kò gba àlàyé púpọ̀. Longstreth àti Cespedes gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì jẹ́rìí. Clark kú ní oṣù kẹta ọdún 2021. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Householder lé e kúrò nílé ìgbìmọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti tún dìbò yàn án pẹ̀lú ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Cincinnati dá òun àti Borges lẹ́bi. Householder gba ẹ̀wọ̀n ọdún 20, Borges gba ọdún 5. Householder ní ìrànwọ́ òṣèlú lásán ni owó náà, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2025. Chuck Jones, ọ̀gá àgbà FirstEnergy tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2020, àti igbákejì rẹ̀ kan, Michael Dowling, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́yìn náà. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò jẹ̀bi.

FirstEnergy ní tirẹ̀ bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn ní oṣù keje ọdún 2021. Ó san 230 mílíọ̀nù dọ́là, ìlàjì rẹ̀ lọ sínú ètò tó ń ran àwọn tí kò lágbára láti san owó iná lọ́wọ́ ní Ohio. Nínú àdéhùn náà, iléeṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ lo ẹgbẹ́ 501(c)(4) kí ará ìlú má baà mọ ibi tí owó náà ti ń wá àti ẹni tó ń darí rẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe alátakò wọn ló sọ ọ́ o. Àwọn tó san owó náà ló fi ẹnu ara wọn sọ pé nítorí pé àpò náà kì í sọ orúkọ ni àwọn ṣe yàn án.

Owó náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá nìkan. Ti àwọn onípìn-ín ni, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí àjọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ìpín FirstEnergy sì wà lára wọn. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi owó àwọn ṣe títí ìpín náà fi já wálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú Householder. Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà tún san 100 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín, nítorí pé ó tan àwọn olùdókòwò jẹ.

Àwọn amúnáwá méjèèjì ńkọ́, tí wọ́n ní á kú láìsí owó yìí? Iléeṣẹ́ tó jogún wọn lẹ́yìn ẹjọ́ gbèsè, Energy Harbor, kéde ní ọdún 2020 pé òun máa fi tó 800 mílíọ̀nù dọ́là ra ìpín òun padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Kóòtù dá sẹ́ǹtì 85 náà dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ilé aṣòfin sì pa apá núkílíà òfin náà rẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2021. Perry àti Davis-Besse kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì ń mú iná wá. Iléeṣẹ́ Vistra rà wọ́n ní ọdún 2024.

Owó èédú ni ará Ohio san ní tòótọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2020, wọ́n ń gbà á nígbà tí Householder wà ní kóòtù, wọ́n ṣì ń gbà á nígbà tó ti wọ ẹ̀wọ̀n. Ó di ọdún 2025 kí òfin mìíràn tó fòpin sí i. Mo rò pé èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: wọ́n fi hàn ní kóòtù pé wọ́n ra òfin náà, síbẹ̀ ará ìlú ṣì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù títí di ọdún 2025.

Nínú àdéhùn ọdún 2021 yẹn, ìjọba mú kí FirstEnergy kọ àwọn owó tó ń san fún irú ẹgbẹ́ bíi Generation Now sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Wọ́n ṣe é, iná kò sì tìtorí rẹ̀ kú ní Akron. Ọ̀rànyàn náà kò kan iléeṣẹ́ mìíràn. Àwọn aṣòfin kan gbé àbá wá sílé ìgbìmọ̀ Ohio lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Householder, pé kí irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa dárúkọ ẹni tó ń fún wọn lówó òṣèlú. Àwọn àbá náà kò di òfin.